Ìhà Keje

Koríko ló ń hù lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa ní Vágur,
abẹ́ rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí Tróndur wọ́ ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ wọlé,
egungun ìhà méjì ti ṣẹ́,
iyọ̀ ti jẹ pákó ìdí rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ òpó.
Ó ní, "Rannvá, àwòrán rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.
Hanus ló yà á, lọ́dún tí wọ́n bí mi."
Mo ní ó wà.
Ta ni yóò sọ pé kò sí fún ẹni tí òjò pa wọlé?

Fáìlì náà wà lóòótọ́.
Orúkọ rẹ̀ kò ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ,
torí láyé ìgbà náà, lẹ́tà kẹsàn-án kò rí àga jókòó.
Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀.
Sọ́fítíwíà tuntun tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù
wò ó láti òkè délẹ̀,
ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Kò mọ̀ ọ́n rí!
Ilé kan náà ló bí wọn,
orúkọ ìdílé kan náà ló wà níwájú orí àwọn méjèèjì;
ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà kejìlá, èkejì jẹ́ ẹ̀dà kejìdínlọ́gbọ̀n.
Àbúrò pàdé ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà bàbá wọn,
ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń wá?"

Hanus gba fóònù mi tòun ti oúnjẹ lẹ́nu:
"Kò ṣí, àbí? Máa bọ̀."
Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nínú ahéré onípákó tí ẹran àgùtàn ń gbẹ sí,
súwẹ́tà ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló fi bò ó.
Ó tàn án. Ó kùn. Ó dákẹ́. Ó tún kùn.
A mu ife kọfí méjì kó tó rántí orúkọ ara rẹ̀.

A kò lè bẹ́ láti orí kejìlá sórí kejìdínlọ́gbọ̀n.
A sọ̀ ní ìkẹrìnlá, a tún sọ̀ ní ìkejìdínlógún,
bí ẹni tó ń wọkọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù,
ní èbúté kọ̀ọ̀kan, ẹrù díẹ̀ ń já sómi.
Sísanra ìlà ló kọ́kọ́ lọ, gbogbo wọn wá rí tín-ín-rín bí irun.
Lẹ́yìn náà, gbogbo ð di àpótí òfìfo,
orúkọ ọkọ̀ náà kò ṣeé pè mọ́.
Èyí tó dùn mí jù ni ìtẹ̀ ìdí rẹ̀,
tí ọwọ́ Hanus fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgbé e sókè:
ó fọ́ sí igba ìlà kéékèèké, gbogbo wọn tọ́ gbọnrangandan.
Ojú lè má rí i. Pákó yóò rí i.

Ṣùgbọ́n ohun kan wọlé tí a kò pè.
Ìpele kan wà tí Hanus ti pa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá;
ẹ̀dà tuntun kò mọ ohun tó ń jẹ́ àṣírí,
ó tú u síta láàárín àwòrán, ní pupa:
"Ìhà keje, apá òsì, kò bára mu.
Bí igi ṣe tẹ̀ nìyẹn. Mo fi sílẹ̀.
Ẹ má sọ fún Óli."

Hanus nu awò ojú rẹ̀ pẹ́.
Ìkẹfà àti ìkẹjọ ló ṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà.
Ìkeje wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò tilẹ̀ sán.
"Óli ti kú," ni ó wí. "Sọ fún ọmọ rẹ̀."

Lálẹ́, mo fi àwòrán náà pamọ́,
mo fún un lórúkọ gígùn, ọkọ̀, ọdún, ẹni tó yà á,
gbogbo ð rẹ̀ pé.
Mo wò ó títí.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn,
títí ó fi ku mẹ́jọ.